Àdàbà Tí Alàgbà Jẹ́rìí Sí

Bí wọ́n bá ní ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé, ẹ má bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ti Wúrà ọmọ Alàgbà Barnabas kò gba ojú. Inú agbọ̀n ìrépé aṣọ ló gbà, pẹ̀lú ìyẹ́ tó jóná àti egbò tó ń rùn.

Ọdún 1994 ni, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń sun igbó kí òjò tó dé. Alàgbà Barnabas Ògúnjìnmí ní oko kòkó àti obì lọ́nà Ìbòkun, ó sì ti ṣán etí oko náà láti gbin iṣu sí i. Ó dáná sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn àgbà ní àdàbà ò náání à-ń-kùngbẹ́, iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Àdàbà tọjọ́ náà kò lọ ní tirẹ̀. Ó jókòó lé ẹyin rẹ̀ nínú ìtàkùn títí iná fi ká a mọ́, nígbà tó sì wá fò, kùkùté ṣóńṣó kan gún un lábẹ́ apá. Alàgbà bá a nínú eérú, ìyẹ́ apá òsì rẹ̀ ti jóná, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹlòmíràn ì bá fi í jẹ iyán. Alàgbà Barnabas kúnlẹ̀ sínú eérú. Nínú ìjọ aládùúrà tí ó ti jẹ́ alàgbà ní Iléṣà, kò sí ẹyẹ tó dà bí àdàbà. Òun ló já ewé ólífì wá fún Nóà, bíi tirẹ̀ sì ni Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe bà lé Jésù lórí ní Jọ́dánì. Ó gbé e sínú fìlà rẹ̀, ó gbé e wálé, ó sì ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Wúrà o! Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe o! Èmi ni mo fi uná jó ẹyẹ Ẹ̀mí Mímọ́!"

Ìjẹ̀ṣà gidi ni Alàgbà. Iná kì í jẹ́ iná lẹ́nu rẹ̀, ilé kì í sì í jẹ́ ilé. Uná àti ulé ni.

Phebe aya rẹ̀ wo ẹyẹ náà, ó mi orí. Wúrà ló gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Iwájú ilé ni Wúrà ti ń ránṣọ, nítorí náà ó da ìrépé aṣọ sínú agbọ̀n kan, ó sì tẹ́ ẹyẹ náà sí i. Ó ń fi ọkà bàbà bọ́ ọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń gbàdúrà sí omi inú ìgò, ó ń dà á sí egbò náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Omi àdúrà nìkan ni, nítorí pé oògùn kì í wọ ilé yẹn. Tìbílẹ̀ kì í wọ ọ́, tòyìnbó kì í wọ ọ́, àní róòbù tí wọ́n fi ń pa iwájú orí kò débẹ̀ rí. Ohun tó fà á nìyí. Kí wọ́n tó bí Wúrà, wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan, Olúwatóbilọ́ba. Ibà mú ọmọ náà lóko. Ọkùnrin kan tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri abúlé wá gún un, Alàgbà fúnra rẹ̀ ló sì di ọmọ náà mú kó má baà jà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti kú sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni Barnabas jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún òun ní òmíràn, oògùn ò ní kan ẹnu ọmọ náà àti ẹnu òun títí ayé. Ọlọ́run fún un ní Wúrà. Wúrà dàgbà tó ẹni tí ń lọ sílé ọkọ, kò mọ bí oògùn ṣe ń korò.

Kò pẹ́ tí egbò àdàbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

"Bàámi, egbò yìí ń rùn o," ni Wúrà wí.

"Ìgbàgbọ́ rẹ ló ń rùn," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì gbààwẹ̀ kún àdúrà.

Nígbà tí Wúrà rí ìdin, ó bo agbọ̀n náà, ó ní òun ń lọ ra òwú.

Kẹ́míìsì kan wà nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà. Ọlọ́rundáre ló ni ín, ọmọ Òṣogbo tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Iléṣà. Wúrà ti máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìyà síbẹ̀. Lọ́jọ́ náà ó wọlé, ó ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó wọlé olóúnjẹ lọ́jọ́ ààwẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Ẹ... ẹ ní oògùn?"

Ọlọ́rundáre bojú wẹ̀yìn wo pẹpẹ tó kún dé àjà. "Ó dà bíi pé ó ku díẹ̀. Irú wo lẹ fẹ́?"

"Ti egbò. Èyí tí bàbá mi ò ní rí."

"Ta ló ni egbò?"

"Kò lè sọ̀rọ̀."

"Ìkókó ni? Háà, ẹ má ra oògùn fún ìkókó báyẹn o. Ẹ gbé e wá kí n..."

"Àdàbà ni."

Ọlọ́rundáre bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà bí ẹni tó ń wá nǹkan. Èjìká rẹ̀ ń mì. Wúrà dúró, ó ká apá mọ́ra.

"Bẹ́ ẹ bá ti rẹ́rìn-ín tán, kẹ́ ẹ dìde."

Ó dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ forí jì mí. Mi ò tíì tọ́jú ẹyẹ rí láyé mi. Ẹ gbé e wá ká jọ wò ó."

Wúrà gbé e wá. Ọlọ́rundáre fi omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ egbò náà, ó fi òwú he ìdin kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló mú kápúsù kan, pupa lápá kan, yẹ́lò lápá kejì, ó já a sí méjì, ó sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú egbò bí gbogbo ayé ti ń ṣe é. Díẹ̀ ta sí Wúrà níka. Wúrà fà sẹ́yìn, ó nu ìka náà mọ́ ògiri títí.

"Kò ní bù yín jẹ," ni Ọlọ́rundáre wí.

Wúrà kò mọ ìdí tó fi sọ ọ́ fún àlejò. Ó sọ ti Tóbilọ́ba, ó sọ ti ẹ̀jẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Wúrà rò pé yóò bú bàbá òun ni, ó sì ti ń múra àtibú u padà.

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo di ọmọ yẹn mú," ni Ọlọ́rundáre wí, "bóyá èmi náà ì bá jẹ́jẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe Wúrà léṣe. Bó ti ń lọ sílé ló ń tún un sọ nínú ara rẹ̀.

Egbò ẹyẹ kì í san lọ́jọ́ kan, ẹ bá wa dúpẹ́ fún un. Òwú tí Wúrà lọ rà lásìkò yẹn tó láti rán aṣọ gbogbo àdúgbò. Egbò gbẹ, ìyẹ́ titun bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ẹ̀yin sì di ìwọ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí," ni Dáre máa ń wí, "kí ni ilé fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ di ulé?"

"Ulé ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹ̀yin Òṣogbo ni ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀."

Lọ́jọ́ kan tí àdàbà náà na apá rẹ̀ méjèèjì lórí káńtà, Dáre kò rẹ́rìn-ín.

"Wúrà, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹyẹ yìí ti fẹ́ẹ̀ san tán."

"Kí ló wá bà ọ́ lẹ́rù níbẹ̀?"

"Kí lo máa fi bojú wá síbí mọ́?"

"Òwú mi máa ń tètè tán," ni Wúrà wí, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kó o fi nǹkan kan bojú. Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mo fẹ́ wá sílé yín lójú ọ̀sán gangan."

Inú Wúrà dùn, ẹ̀rù sì bà á lójú ẹsẹ̀ kan náà. Ó fẹ́ ọkùnrin yìí. Kò fi pa mọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ẹ̀jẹ́ ṣe fẹ́ lọ fẹ́ olóògùn?

Àbúrò bàbá rẹ̀, Fẹ́yìsayọ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìpetu, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Obìnrin yìí lè bá òkúta sọ̀rọ̀ kó dáhùn. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yìn ín, ó yin ìjọ, ó yin oko, kó tó dárúkọ Dáre. Alàgbà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Olóògùn? Fẹ́yìsayọ̀, ìṣojú rẹ kọ́ ni a ṣe sin Tóbilọ́ba?"

"Kì í ṣe ọmọkùnrin yìí ló pa á, Bùọ̀dá mi."

"Ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ẹ jẹ́ kí n sá."

Wúrà ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó gbé àdàbà náà mọ́ àyà, omijé rẹ̀ ń kán sí i lára.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí nígbà tí Àìkú ọpẹ́ dé. Alàgbà ti rí i pé egbò ti jinná, pé ìyẹ́ ti hù, pé ẹyẹ ń fò láti orí àga dé ojú fèrèsé. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹnì kankan. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde, ó jáde, ó gbé agbọ̀n Wúrà lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará, èmi ni mo fi uná jó ẹyẹ yìí lóko mi. Egbò rẹ̀ rà, ó ní ìdin. N ò fi ewé kàn án. N ò fi oògùn kàn án. Omi àdúrà nìkan! Ọmọ mi Wúrà ni ẹlẹ́rìí mi!"

Ó ṣí ọwọ́. Àdàbà fò sókè, ó bà lé igi àjà, ó yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Ariwo halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Àwọn obìnrin tú gèlè, wọ́n ń jó. Alàgbà Barnabas dúró láàárín wọn, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Wúrà wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin nínú aṣọ funfun. Ó bojú wo ìyá rẹ̀ ní òdìkejì. Phebe ń wò ó. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ìyá òun ti mọ̀ tipẹ́. Òun ló ń fọ ìrépé aṣọ inú agbọ̀n, ó sì ti rí ìyẹ̀fun yẹ́lò lára wọn. Phebe rọra mi orí, bí ẹni tó ń sọ pé, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni Wúrà ì bá sì ṣe? Kò rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá rẹ̀ rí. Bí wọ́n sì ti délé, bàbá náà ránṣẹ́ sí Fẹ́yìsayọ̀.

"Kí ọmọkùnrin Òṣogbo yẹn kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá," ni ó wí. "N ò bẹ̀rù oògùn mọ́. Omi ti borí rẹ̀."

Fẹ́yìsayọ̀ fò mọ́ Wúrà. Wúrà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò balẹ̀. Irọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn tí òtítọ́ kàn tí kò ṣí.

Òṣogbo ló kù. Ìyá Dáre, Ọláfúnkẹ́, ní ilé búrẹ́dì sí Òkè-Fìà, opó ni, Dáre sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ó gba Wúrà tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní búrẹ́dì gbígbóná, ó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́ nù, ó jókòó.

"Ọmọ mi, o wù mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Dáre ti sọ ti ẹ̀jẹ́ bàbá yín fún mi. Bí ọmọ rẹ bá ní ibà lóru, tí ọkọ rẹ ò sì sí nílé, kí lo máa fún un?"

Wúrà wolẹ̀. Ó fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì dá ara rẹ̀ lóhùn, báwo ni yóò ṣe dá ìyá ọkọ?

"O rí i," ni Ìyá Dáre wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kì í ṣe pé mo kórìíra àdúrà. Mẹ́tọ́díìsì ni mí, mò ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀jẹ́ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀jẹ́. Kí bàbá yín fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun ti tú ọ sílẹ̀, nínú ilé yìí. Ọjọ́ náà ni màá wá tọrọ rẹ."

"Mọ́mì!" ni Dáre pariwo. "Ìgbà wo ni bàbá ìyàwó ti ń lọ sílé ọkọ kí wọ́n tó tọrọ ọmọ? Wọ́n á ní ó ń kiri ọmọ rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó mọ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà tó gbà sọ pé rárá nìyẹn láìsọ pé rárá.

Wọ́n padà sí Iléṣà. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n lọ́dún náà, ọkọ̀ kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Dáre ní òun á bẹ ìyá òun títí yóò fi gbà. Wúrà gbà fún un. Wọn kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Julianah wà nínú ìjọ wọn, ìyá ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Olúwadára. Egbò wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ fún un nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ Dáre ni Julianah sì ti ń ra òwú àti báńdéèjì. Lọ́jọ́ tí Wúrà tún yà sí ṣọ́ọ̀bù, Dáre kò kí i dáadáa.

"Julianah ò lọ sílé ìwòsàn mọ́," ni ó wí. "Ó ní bí Ọlọ́run bá lè fi omi lásán wo ẹyẹ, yóò wo ọmọ òun. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú, Wúrà."

Wúrà jókòó lórí àga onígi. "Bí mo bá sọ fún Bàámi, a ò ní fẹ́ra wa mọ́."

"Mo mọ̀."

"Nítorí àdàbà yẹn nìkan ló ṣe gbà."

"Mo mọ̀, Wúrà." Ó ń to ìgò tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo da oògùn sí i. Jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra mi."

"Bó o bá sọ ọ́, ọ̀tá wọn lo máa jẹ́ títí láé. Bí èmi bá sọ ọ́, ọmọ wọn ni mo ṣì jẹ́."

Kò lọ tààrà sílé. Ó yà sọ́dọ̀ Julianah. Ọmọ náà sùn sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ funfun tí wọ́n rẹ sínú omi àdúrà wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wúrà bẹ̀rẹ̀ láti kí i, òórùn kan sì gbá a nímú, òórùn tó ti gbọ́ nínú agbọ̀n rí. Kò dúró mu omi tí Julianah gbé wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àdúrà òwúrọ̀ parí, Wúrà kò dìde lórí eékún.

"Bàámi, mo fi oògùn sí egbò àdàbà yẹn."

Alàgbà ń ká ìwé orin. Ó dúró.

"Oògùn wo?"

"Ti kẹ́míìsì. Lọ́dọ̀ Dáre. Ìgbà tó ń rùn. Mo bẹ̀ yín, Bàámi, ẹ dárí jì mí."

"Ṣé ìwọ náà mu nínú rẹ̀?"

"Rárá o, Bàámi. Kò kan ẹnu mi."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.  "Ojú pẹpẹ Ọlọ́run ni mo ti jẹ́rìí èké."

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá Wúrà," ni Phebe wí. "Ẹni tí kò mọ̀ kò purọ́. Èmi tí mo mọ̀ ni kí ẹ bá wí."

"Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ Julianah mọ̀ pé n ò mọ̀?" Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Phebe, ọmọ ẹlòmíràn ni mo tún dì mú yìí."

Ó wọ bàtà. Kò bá Wúrà sọ̀rọ̀ kan sí i. Ilé Julianah ló gbà lọ, Wúrà ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó dúró lójú àgbàlá, ó sọ ọ́ fún obìnrin náà bó ti rí, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Julianah káwọ́ lórí, ó pariwo. Alàgbà gbé ọmọ sí èjìká, ó sì ń lọ.

Wọ́n dé iwájú kẹ́míìsì Dáre. Alàgbà kò lè fo gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Dáre ló jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ.

"Èyí ju tèmi lọ, Bàbá. Ilé ìwòsàn ni."

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó bá wọn lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ dé, Julianah ti ń sunkún ju ọmọ lọ, kò lè di nǹkan kan mú. Nọ́ọ̀sì bojú wo àgbàlagbà tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dì í mú kó má jà."

Wúrà rí i bí ojú bàbá rẹ̀ ti yí padà. Ó rò pé yóò sá jáde ni. Alàgbà Barnabas bẹ̀rẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá ọmọ náà mọ́ra.  Wúrà gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ lórí, ó sì di òun náà mú. Bàbá ń pe orúkọ Jésù ṣáá bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Nígbà tí ó parí, tí ọmọ ké, tó sì ń mí, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló rọra gbà á.

Ẹsẹ̀ Olúwadára san, àpá kù níbẹ̀. Alàgbà kò tíì gbọ́ pé ó ti san kó tó dìde nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó sì kó ẹ̀rí rẹ̀ jẹ. "Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà," ni ó wí, "ṣùgbọ́n kò nílò irọ́ mi." Àwọn kan kùn, àwọn kan ní ọmọ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bá wí. Wọ́n ní kó sinmi lẹ́nu iṣẹ́ alàgbà ná. Ó lọ jókòó sẹ́yìn, nídìí ẹnu ọ̀nà, kò sì bínú sí ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n kò bá Wúrà sọ̀rọ̀. "Omi wà lóhùn-ún", "ti ilẹ̀kùn", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wúrà ránṣẹ́ sí Dáre nípasẹ̀ Fẹ́yìsayọ̀ pé kó má wá mọ́, kó má fi ọdún rẹ̀ ṣòfò. Ó ń ránṣọ ìyàwó fún àwọn ẹlòmíràn, ó ń tú u, ó ń tún un rán, nítorí ojú rẹ̀ kì í gbẹ kó lè rí ojú abẹ́rẹ́. Òun ló fẹ́ sọ òtítọ́, òun náà ló sì sanwó rẹ̀. Bó ti ń wí fún ara rẹ̀ nìyẹn, kò sì tù ú nínú.

Òjò ti ń dá nígbà tí bàbá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Múra. À ń lọ Òṣogbo. Fẹ́yìsayọ̀ ń dúró dè wá ní gáréèjì."

"Kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀, Bàámi?"

"Fẹ́yìsayọ̀ ti sọ fún mi ohun tí ìyá ọmọkùnrin náà wí."

Wúrà kò gbà gbọ́ títí ọkọ̀ fi gbéra. Bàbá òun, tí kì í jókòó níbi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fi àga dùn ún, ni ó fẹ́ lọ dúró lójú ilé ọkọ tí wọn ò tíì tọrọ? Ó bẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ pé kí wọ́n padà. Ojú fèrèsé ni bàbá ń wò.

Ìyá Dáre wà nídìí ààrò búrẹ́dì, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Dáre, tó ti wálé láti wo ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù. Ìyá rẹ̀ yí padà, ó rí àgbàlagbà kan nínú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó rí Wúrà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Èmi ni Barnabas, bàbá Wúrà," ni Alàgbà wí. Kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé wá. "N ò wá kiri ọmọ mi o, Ìyá. Ẹ̀yin ló béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo sì gbé e wá. Ẹ̀jẹ́ tó wà nínú ulé mi, èmi ni mo jẹ́ ẹ, nígbà tí ọmọ yìí ò tíì dáyé. N ò bi í léèrè. Èmi á pa á mọ́ títí ukú mi. Oògùn ò ní kan ẹnu tèmi. Ṣùgbọ́n mo tú u sílẹ̀. Òun àti ọmọ tó bá bí. Kí ọkọ rẹ̀ wò wọ́n bó ti mọ̀ ọ́n wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí n máa gbàdúrà. Ohun tí mo ní nìyẹn."

Ó yíjú sí Wúrà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn tó wò ó lójú.

"Kì í ṣe torí ìbínú ni n ò fi bá ọ sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ojú ló ń tì mí. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù pé kó má kú ni mo sọ di ẹni tí kò lè sọ òótọ́ fún mi."

Wúrà wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. 

Ìyá Dáre kò nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀. Bó ti wà ló ṣe kúnlẹ̀ níwájú Alàgbà, ó sì wo ìta lọ́tùn-ún lósì, bóyá ará ilé kan ti rí wọn.

"Bàbá wa," ni ó wí wẹ́rẹ́, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sílé báyìí, kí àwọn aládùúgbò tó mọ̀. Ẹ ò wá síbí lónìí. Kò sẹ́ni tó rí yín. Ẹ lọ jókòó sínú ilé yín ní Iléṣà, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì gbéraga sí wa dáadáa. Àwa la ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀."